Ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi mí lórí síso rẹ́kọ́ọ̀dù ọsibítù Kwárà pọ̀, pẹ̀lú ìdáhùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo fi ń jẹun, èmi lẹ máa ń bá lójú wíńdò yẹn tẹ́ ẹ bá ní káàdì yín ti sọnù, tí màá wá bi yín pé orúkọ wo lẹ fi gbà á nígbà yẹn. Àtọjọ́ tí mo ti lanu sọ níbi ìnáwó kan l'Ómù-Àrán pé ó yẹ kí gbogbo ọsibítù ìpínlẹ̀ wa lè máa rí rẹ́kọ́ọ̀dù ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, fóònù mi ò sinmi mọ́. Mo ní kí n kúkú kó àwọn ìbéèrè yẹn síbì kan. Òmíì á gùn, òmíì ò ní gùn.

Kí lẹ̀ ń pè ní síso rẹ́kọ́ọ̀dù pọ̀ gan-an? Ṣé káàdì tuntun la tún fẹ́ máa gbà ni?

Káàdì kọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí. Ìyá àgbà kan wà l'Óró, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba oògùn. Wọ́n wá kí ọmọ wọn ní Gáà Àkàńbí, ilẹ̀ mọ́, ẹnu màmá ti wọ́, apá kan ò ṣeé gbé mọ́, ni wọ́n bá sáré gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní oògùn wo ni màmá ń lò? Ọmọ ní "funfun kékeré kan ni, àràárọ̀ ni wọ́n máa ń lò ó." Ẹ gbà mí o, ìdajì oògùn tó wà láyé yìí ló funfun tó tún kéré! Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kẹ́yìn, oògùn tí ara wọn kì í gbà, bóyá ṣúgà wà ńbẹ̀ àbí kò sí, gbogbo ẹ̀ ń bẹ nínú fáìlì kan l'Óró tí wọ́n fi okùn dè, ẹni tó sì mọ ibi tó wà ti lọ sílé.

Síso rẹ́kọ́ọ̀dù pọ̀ ni pé kí dókítà tó wà n'Ílọrin tẹ nǹkan méjì mẹ́ta kó sì rí ohun tí wọ́n kọ l'Óró lójú ẹsẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní health information exchange. Orúkọ ẹ̀ ló tóbi, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé kí gómìnà ṣáà ra kọ̀ǹpútà fún gbogbo ọsibítù, kó tán ńbẹ̀?

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í mú rèé, màá pẹ́ díẹ̀ níbí.

Ká ní láàbù kan l'Ọ́fà yẹ ṣúgà Bàbá kan wò kí wọ́n tó jẹun, wọ́n kọ 7.0 sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láàbù kan n'Ílọrin yẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ 126. Ẹni tí ò bá mọ̀ á pariwo pé ṣúgà Bàbá ti fò lọ sókè, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan náà ni wọ́n kọ o! Ọ̀kan fi mmol/L wọ̀n ọ́n, èkejì fi mg/dL, ẹ sọ 7 di ìlọ́po 18, 126 lẹ máa rí. Ibẹ̀ yẹn gan-an sì ni ààlà tí dókítà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ. Èèyàn tó bá mọṣẹ́ á wò ó, á mọ̀. Kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀, tẹ́ ẹ bá fún un ní 7 tẹ́ ò sọ ohun tẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, á gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì lè kà á sí ti mg/dL kó máa kígbe pé ṣúgà ti tán lára Bàbá, pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ẹ wá wo orúkọ téèsì yẹn fúnra ẹ̀. Láàbù kan ń kọ FBS, òmíì FBG, òmíì kọ "fasting sugar" gbọọrọ, ọ̀kan tí mo mọ̀ ń kọ "sugar" lásán. Ó dà bí ẹni tó ń fi kóńgò ta ìrẹsì, tí oníbàárà ẹ̀ ń fi kílò ṣírò owó, tí àwọn méjèèjì wá ń bára wọn jà pé ìwọ lo rẹ́ mi jẹ. Ẹ lè fi kọ̀ǹpútà kún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tá a ní, tí ọsibítù kọ̀ọ̀kan bá ra sọ́fítíwíà tó wù ú tó sì ń kọ nǹkan bó ṣe wù ú, fáìlì tó ń lo iná nìkan lẹ rà. Kọ̀ǹpútà ló rọrùn láti yà fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ rà á. Kí gbogbo wa jọ gbà pé báyìí la ó ṣe máa kọ ọ́, ìyẹn niṣẹ́.

Ta wá ni yóò sọ bí a ó ṣe máa kọ ọ́? Ṣé ẹ̀yin ará rẹ́kọ́ọ̀dù ni?

Ì bá dára! Àmọ́ wọ́n ti kọ ọ́ kalẹ̀ tipẹ́, gbogbo ayé ló sì ń lò ó, ká ṣáà mú un.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan á gbà kọ lẹ́tà sí ẹ̀rọ kejì, ohun tó wà lóde báyìí ni FHIR, bí wọ́n ṣe ń pe "fire" ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ HL7 tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987 ló ni ín, ọmọ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Grahame Grieve ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀dà kẹrin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò jáde ní ìparí 2018. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ti pín rẹ́kọ́ọ̀dù sí àpò àpò: àpò ti aláìsàn fúnra ẹ̀, àpò ti èsì àyẹ̀wò, ti oògùn, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti ohun tí ara èèyàn ò gbà. Ẹ̀rọ tó bá mọ FHIR, tẹ́ ẹ bá gbé àpò yẹn fún un, ó mọ ibi tó máa ki ọwọ́ bọ̀.

Ohun tó wà nínú àpò ńkọ́? Ti láàbù, LOINC ni wọ́n ń lò. Regenstrief Institute ní ìlú Indianapolis ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1994, téèsì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. Nọ́ńbà òkè nínú BP yín 8480-6 ni, ti ìsàlẹ̀ 8462-4. Ẹ kọ ọ́ lédè Hausa, ẹ kọ ọ́ lédè Nupe, 8480-6 náà ni. Orúkọ àìsàn, ti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, là ń lò, ìyẹn ICD. Nínú ẹ̀dà kẹwàá ẹ̀, I10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru, B54 ni ibà ẹ̀fọn tí wọn ò sọ irú kòkòrò tó fà á, tó bá sì ti jẹ́ falciparum, B50 ni. B54 yẹn ni mo rí jù láyé mi. Ẹ̀dà kọkànlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti January 2022, nítorí náà ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bi wọ́n pé ṣé ó mọ méjèèjì.

Kí ló dé tí Kwárà ò lè dá tiẹ̀ ṣe? Ṣé gbogbo nǹkan la máa dúró de Àbújá sí ni?

Ẹ ṣáà wo máàpù. Ará Òkè-Ẹ̀rọ̀ tó bá ń ṣàìsàn, ṣé Ìlọrin ló sún mọ́ ọn jù ni? Àwọn míì nínú wọn, Ìdó-Èkìtì ni wọ́n ń lọ. Ará Ọ̀fà àti Ẹrìn-Ilé lè kọjá sí Ọ̀ṣun, ará Ìlọrin kan náà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ń lọ. Tí a bá wá dá èdè tiwa sílẹ̀ ní Kwárà, gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn á dúró sí bọ́dà, aláìsàn nìkan ló máa kọjá.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2024 ni wọ́n gbé Nigeria Digital in Health Initiative jáde lábẹ́ Muhammad Ali Pate tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà yẹn, torí kí orílẹ̀-èdè yìí ní ìlànà kan tí gbogbo ẹ̀rọ á jọ máa tẹ̀ lé. Ká tẹ̀ lé ìlànà yẹn ò wá ní ká jókòó máa wo Àbújá o. Ìpínlẹ̀ ló ni jẹ́nẹ́rà ọsibítù, òun ló ń san owó oṣù nọ́ọ̀sì, òun ló máa so wọ́n pọ̀, kó ṣáà so wọ́n pọ̀ lédè tí orílẹ̀-èdè ń sọ.

Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti bá wa fi orí gbá ògiri. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣe òfin HITECH, wọ́n ń fún dókítà àti ọsibítù lówó kí wọ́n lè kúrò lórí pépà, lọ́dún 2010 wọ́n tún pín owó tó lé ní 500 mílíọ̀nù dọ́là fáwọn ìpínlẹ̀ kí wọ́n fi ṣe irú ohun tá à ń sọ yìí. Kọ̀ǹpútà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀kan ò gbọ́ ti èkejì, àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà ò sì kánjú kó gbọ́ torí oníbàárà tí ò lè kó ẹrù ẹ̀ jáde ò lè sá lọ. Ó di ọdún 2016 kí òfin míì tó dé pé ẹ ò gbọdọ̀ dí rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́nà mọ́. Nítorí náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì kankan níbí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé ọjọ́ tí a bá fẹ́ lọ, a ó kó rẹ́kọ́ọ̀dù wa lọ pátá, lọ́nà FHIR, láìsan kọ́bọ̀.

Ṣebí DHIS2 ti wà, oṣooṣù là ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Kí ló tún kù?

DHIS2, sọ́fítíwíà tí àwọn ará Yunifásítì Oslo ṣe, tá a fi ń fi iye aláìsàn ránṣẹ́ síjọba, dára, mi ò bá a jà. Àmọ́ iye ló ń kà. Ó lè sọ pé aláboyún báyìí báyìí ló wá sí Ìgbàjà lóṣù tó kọjá, kò lè sọ pé Ìyá Àyọ̀ wà lára wọn àti pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ga. Èyí tá à ń sọ yìí, èèyàn kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ̀ lé. Tó bá wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ á ka iye yẹn ránṣẹ́ sí DHIS2, ẹ ò tún ní fi òru kún fọ́ọ̀mù mọ́ níparí oṣù.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀ pé èmi nìyí, kì í ṣe ẹlòmíì?

Áà! Ìlọrin yìí ló máa kọ́ ẹ̀rọ yẹn lọ́gbọ́n. Salawu kan náà, ọsibítù kan kọ Salahu, òmíì Salau. AbdulRazaq, Abdulrasaq, Abdul-Rasaki, ẹnì kan ṣoṣo ni o. Rukayat l'Ójà Ọba, Ruqayyah ní UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, Rukayatu nínú ìwé ìgbéyàwó, lẹ́yìn náà ọkọ tún gba orúkọ bàbá kúrò, ó fi tiẹ̀ síbẹ̀. Mo ti rí káàdì tó jẹ́ "Ìyá Ìbejì" ni wọ́n kọ síbi orúkọ, tí wọ́n kọ "Ilé Alfa" síbi àdírẹ́sì, ó parí. Ọjọ́ ìbí àwọn àgbà ńkọ́? Gbogbo wọn ni wọ́n bí ní 1 January. Fóònù kan, èèyàn mẹ́fà ló ń lò ó.

Ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, a ní ọmọbìnrin méjì tórúkọ wọn bára mu délẹ̀, agboolé kan náà, ọdún kan náà. Ọjọ́ kan a gbé fáìlì ọ̀kan fún èkejì. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó wo ojú ọmọ tó ní "ìwọ, o ti bímọ rí?" Ọmọ ní rárá. Nínú fáìlì, ó ti bí méjì.

Ẹ̀rọ náà máa ṣe irú àṣìṣe yẹn, oríṣi méjì ni: kó pín ẹnì kan sí méjì, tàbí kó pa ẹni méjì pọ̀ di ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ń bí èèyàn nínú torí wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ yín fún téèsì tẹ́ ẹ ti ṣe. Èkejì ló ń pànìyàn, torí ẹ lè gba oògùn tí ara ẹnìkejì gbà tí tiyín ò gbà. Nítorí náà tí iyèméjì bá wà, kó má pa wọ́n pọ̀, kó gbé e fún èèyàn wò. Àwa ará rẹ́kọ́ọ̀dù lèèyàn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa.

NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídíjíìtì 11 yẹn, máa ràn wá lọ́wọ́ gan-an, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí ò ní NIN, Fúlàní tó ń da màálù gba ẹ̀yìn Ṣàárẹ́ kọjá lè má ní, ìka àgbẹ̀ míì ti họ débi pé ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan ńbẹ̀. Ètò yẹn gbọ́dọ̀ ní ìwé ńlá kan láàárín tó ń fún kálukú ní nọ́ńbà tiẹ̀, tó wá ń so NIN, nọ́ńbà ìńṣọ́ránsì ìlera Kwárà àti nọ́ńbà káàdì ọsibítù kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lára bó bá ṣe ń rí wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé aláìsàn kan padà torí kò mú NIN dání, ètò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibo ni wọ́n máa kó gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn sí? Sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo?

Àwọn kan ń kó o jọ síbì kan. Àwọn kan ń fi í sílẹ̀ lọ́sibítù tó ni ín, tí ẹnìkan bá béèrè ni wọ́n á tó lọ mú un. Èyí kejì wù mí lójú àmánà, ìyẹn pípa àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n lójú iná NEPA, àfi ká sọ òótọ́: tí ẹ bá béèrè rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Òkè-Oníigbìn láago méjì òru, ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ti kú. Tèmi ni pé kí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń gba ẹ̀mí là, bí oògùn tó ń lò, àìsàn tó ní, ohun tí ara ò gbà, èsì láàbù tó kẹ́yìn, wà ní àárín, kí ìyókù dúró sílé.

Iná ńkọ́? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́?

Sólà àti bátìrì, kì í ṣe jẹ́nẹ́rétọ̀, ẹ mọ iye tí epo jẹ́. Sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa tọ́jú ohun tí nọ́ọ̀sì tẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yọjú kó fi í ránṣẹ́. Èyí tó bá ń yí gbírígbírí lójú fóònù tí aláìsàn ń wò ó, nọ́ọ̀sì á padà sórí pépà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì ní bá a wí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ni. Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kó mọ̀ nípa ara mi. Ṣé kò ní máa kà á?

Alhaja kan ló bi mí léyìí, wọ́n ò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Òfin wà o. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, ìpín 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i, tàbí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìdí díẹ̀ míì bíi tí bíbò ó mọ́lẹ̀ bá fẹ́ kó ìlú sí wàhálà. Ìpín 29 ní kí ọ̀gá ọsibítù fi ààbò sórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Òfin ìdáàbòbò détà ti 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ détà tó gba ìṣọ́ra jù, tí détà bá jò lọ́nà tó lè pa yín lára, wákàtí 72 ni ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní láti fi tó kọmíṣọ̀n ìdáàbòbò détà létí.

Ṣùgbọ́n òfin ò ní ojú nínú yàrá nọ́ọ̀sì. Ohun tó ní ojú ni kí ẹ̀rọ máa kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ṣí rẹ́kọ́ọ̀dù yín sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ̀yin fúnra yín sì lè wò ó. Ní Estonia, tí ètò tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ará ìlú lè jókòó sílé kó wo dókítà tó ka rẹ́kọ́ọ̀dù òun. Tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bá yọjú síbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló ń tọ́jú yín, ẹ ti mú un nìyẹn. Kí àwọn ọ̀rọ̀ kan bíi HIV tún wà lábẹ́ títì tó le jù, kí ilẹ̀kùn pàjáwìrì wà tí dókítà lè já tí ẹ bá dákú, àmọ́ kó kọ ìdí tó fi já a.

Kí n tiẹ̀ sọ eléyìí, àwọn tó ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà rò pé pépà pa àṣírí mọ́. Mo ti rí i tí wọ́n fún ọmọ ọdún méjìlá ní fáìlì kó gbé e lọ sí láàbù. Ó kà á lójú ọ̀nà. Ta ló máa mọ̀?

Ọsibítù àdáni ni mo ní ní Tankẹ̀. Kí ni èrè tèmi ńbẹ̀?

Ọ̀gá, èsì láàbù ò ní máa sọnù, aláìsàn tẹ́ ẹ bá rán lọ sí UITH, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó bá padà. Mo mọ̀ pé ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni kí wọ́n má gba oníbàárà yín. Wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹ ò kàn mọ ibi tí wọ́n ń lọ ni.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ kóòdù kọ díẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àbúrò, ẹ káre. OpenMRS wà, sọ́fítíwíà rẹ́kọ́ọ̀dù ọsibítù ni, ọ̀fẹ́ ni, 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn ará Regenstrief yẹn náà pẹ̀lú àwọn ará Yunifásítì Moi ní ìlú Eldoret ní Kenya, orí ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù HIV ní Nàìjíríà dúró lé. HAPI FHIR, sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fi lè máa bá FHIR ṣiṣẹ́, òun náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo àwòrán tí OpenHIE, àwùjọ tó ń ṣètò síso rẹ́kọ́ọ̀dù pọ̀, yà, ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí gbogbo ẹ̀ ṣe tò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ aláìsàn tẹ́ ẹ máa fi dánra wò, Synthea máa ń ṣẹ̀dá aláìsàn irọ́. Ẹ má fi ti aláìsàn gidi dánra wò láéláé, kódà ti ìyá yín.

Gbogbo fáìlì pépà tó ti wà ńlẹ̀, ṣé wọ́n máa tẹ gbogbo ẹ̀ ni?

Ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá wá sọ́sibítù ni kí wọ́n tẹ tiẹ̀, kó jẹ́ ojú ewé kan péré: oògùn, àìsàn, ohun tí ara ò gbà, jẹ́nótáìpù. Ìyókù kó wà ní ṣẹ́ẹ̀fù.

Kí lẹ máa kọ́kọ́ so pọ̀, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló wà?

Èsì láàbù àti lẹ́tà tí wọ́n fi ń rán aláìsàn láti ọsibítù kékeré lọ sí ńlá, láàárín Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ìlọrin nìkan. Lẹ́yìn ẹ̀, aláboyún àti abẹ́rẹ́ ọmọdé. Kí wọ́n má pe ìpàdé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 lọ́jọ́ kan, oúnjẹ nìkan ló máa tán ńbẹ̀.

Ta ló máa sanwó ẹ̀?

Owó òkèèrè lè bá wa bẹ̀rẹ̀. Kwárà mọ̀ ọ́n, Shonga ni wọ́n ti fi owó àwọn ará Netherlands bẹ̀rẹ̀ ìńṣọ́ránsì ìlera fáwọn ará abúlé lọ́dún 2007. Àmọ́ owó àlejò ní ọjọ́ tó ń lọ sílé. Kí owó ẹni tó ń tún sólà ṣe, ti dátà àti ti ará rẹ́kọ́ọ̀dù wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́.

Káàdì mi tó sọnù ńkọ́?

Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ mú NIN dání. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ màmá yín, orúkọ wo lẹ fi gbà á.